Ìwé Ìjọba, Ta Ló Ni Ín?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa ní ilé iṣẹ́ gbogbo, ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní gárèèjì, láti Sàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́, láti Ìpẹ̀rù dé Ògíjo, ọ̀rọ̀ kan ni a fẹ́ gbé ka iwájú yín lónìí. Ọ̀rọ̀ náà kan àpò yín, ó kan ẹ̀jẹ̀ ara yín, ó sì kan àwọn ọmọ yín. Ọ̀rọ̀ ìwé ìjọba ni.

Láìpẹ́ yìí, àwa aṣojú òṣìṣẹ́ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan láti gba ẹ̀dà òfin owó oṣù tí ó kéré jù lọ. Akọ̀wé tí a bá nídìí tábìlì wò wá láti òkè dé ilẹ̀, ó ní ìwé ìjọba ni, a kò gbọdọ̀ dà á kọ, kọ́píráìtì wà lórí rẹ̀. A béèrè ìwé kejì, èyí tí í ṣe àbọ̀ àwọn tí ó ń yẹ fakitírì wò. Ó ní àṣírí ìjọba nìyẹn. A kò bá akọ̀wé náà jà, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n àgádágodo méjèèjì tí ó nawọ́ sí, kọ́píráìtì àti àṣírí, òfin ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ ti ṣí wọn. Ohun tí ó kù ni kí àwa ti ilẹ̀kùn kí a wọlé.

ÀGÁDÁGODO KÌÍNÍ: KỌ́PÍRÁÌTÌ

Kọ́píráìtì ni ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tí ó fi ọpọlọ rẹ̀ ṣiṣẹ́, pé ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ da iṣẹ́ náà kọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn, ẹni tí ó kọrin sínú rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹni tí ó ya àwòrán, òṣìṣẹ́ ni wọ́n bí àwa náà ti jẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó bá da orin olórin kọ tí ó ń tà á ní gárèèjì, owó oṣù òṣìṣẹ́ ni ó jí. Ẹgbẹ́ wa kò lè fara mọ́ ìyẹn láéláé.

Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ yàtọ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ọpọlọ ẹnì kan tí ó ń wá owó oúnjẹ nínú rẹ̀. Owó wa ni wọ́n fi san owó oṣù àwọn tí ó jókòó ṣe é. Àwa ni a dìbò yàn wọ́n, àwa náà ni òfin yóò sì mú bí a bá rú u. Adájọ́ a máa wí pé àìmọ òfin kì í ṣe àwíjàre. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àìmọ̀ kò bá jẹ́ àwíjàre, a jẹ́ pé ẹni tí ó fi òfin pamọ́ fún wa ti dá wa lẹ́bi kí a tó ṣẹ̀.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé òfin kọ́píráìtì wọ ilẹ̀ wa. Òfin tiwọn ti ọdún 1911 ni wọ́n nà dé Nàìjíríà ní 1912. Lábẹ́ òfin yẹn, ìwé tí ìjọba bá tẹ̀, ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Lẹ́yìn òmìnira, a ṣe tiwa ní 1970, ìjọba ológun sì tún ṣe òmíràn ní 1988, síbẹ̀ ìjọba ṣì ni ó ni ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Òfin kọ́píráìtì tuntun ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ni ó la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Abala kẹta rẹ̀ ka àwọn ohun tí kò sí kọ́píráìtì lórí wọn. Lára wọn ni ìwé òfin àti ìwé àṣẹ ìṣàkóso tí ìjọba gbé jáde, pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn tí ìjọba fọwọ́ sí. Ohun kan ni ó yọ sọ́tọ̀, ìyẹn ni àkójọ àwọn ìwé wọ̀nyí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ gárèèjì ṣàlàyé rẹ̀. Títì láti Sàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, ti gbogbo ènìyàn ni. Mọ́tò tí ó ń rìn lórí rẹ̀ ní olówó. Òfin ni títì. Bí lọ́yà kan bá kó òfin jọ sínú ìwé ńlá, tí ó to wọ́n, tí ó kọ àlàyé sí etí wọn, mọ́tò tirẹ̀ nìyẹn, ẹ má ṣe gbé e láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n kò sí lọ́yà tàbí òǹtẹ̀wé tí ó lè dúró lójú títì kí ó ní kí ẹlẹ́sẹ̀ má kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe gbogbo ohun tí ìjọba ṣe ni ó jẹ́ títì. Fíìmù tí ìjọba ṣe tàbí ìwé ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀ lè ní kọ́píráìtì. Ọ̀rọ̀ òfin fúnra rẹ̀ ni kò ní.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ja ìjà yìí. Ní Amẹ́ríkà, kò sí kọ́píráìtì rárá lórí iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá ṣe. Síbẹ̀ ìpínlẹ̀ Georgia fẹ́ fi kọ́píráìtì de ìwé òfin rẹ̀ tí wọ́n kọ àlàyé sí. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Public.Resource.Org dà á kọ, ó fi í fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, ìpínlẹ̀ náà sì pè é lẹ́jọ́. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ ní 2020. Adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án dá ẹgbẹ́ náà láre, wọ́n ní ẹni tí ó ń ṣòfin lórúkọ ará ìlú kò lè sọ ara rẹ̀ di olówó ohun tí ó kọ lẹ́nu iṣẹ́ náà.

ÀGÁDÁGODO KEJÌ: ÀṢÍRÍ

Ní 1962 ni wọ́n ṣe òfin àṣírí ìjọba ní ilẹ̀ wa. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn òṣìṣẹ́ ọba láti fi ìwé han ará ìlú, ìbáà jẹ́ iye owó tí wọ́n fi ra bébà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 28 oṣù Kárùn-ún ọdún 2011, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin òmìnira ìròyìn. Òfin yìí ní ẹnikẹ́ni lè béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba, kò sì pọn dandan kí ó sọ ìdí tí ó fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Bí iṣẹ́ náà bá pọ̀, wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un. Owó tí wọ́n lè gbà kò ju owó fọ́tòkọ́pì àti owó àdàkọ lọ. Bí wọ́n bá fi ìwé dù wá láìtọ́, kóòtù lè bu ìtanràn ₦500,000 lé wọn. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ tàbí tí ó yí i padà kí a má bàa rí i, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ó kéré tán ni. Òfin náà tún sọ pé pé wọ́n lẹ òǹtẹ̀ àṣírí mọ́ ìwé kan kò tó láti fi dù wá.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan rọ̀ mọ́ ọn pé òfin àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ní 2018, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Àkúrẹ́ sọ pé ó kàn wọ́n, èyí tí ó wà ní Benin sọ pé kò kàn wọ́n. Ọ̀rọ̀ ti Benin ni ó dé Àbújá. Àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ni wọ́n béèrè bí àjọ tí ń gbógun ti àrùn éèdì níbẹ̀ ṣe ná owó tí ó wọlé fún un. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ parí àríyànjiyàn náà, ó ní òfin yìí de ìjọba àpapọ̀, ó de ìpínlẹ̀, ó de ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, Abẹ́òkúta kò lè wí pé kò kan òun, bẹ́ẹ̀ ni Sàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́ kò lè wí i.

KÍ NI Ó KAN ÒṢÌṢẸ́?

Ẹlòmíràn yóò wí pé ọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà àti oníwèé ìròyìn ni gbogbo èyí, pé ìwé kì í ṣe ìrẹsì. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun mẹ́ta.

Èkíní ni owó orí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin owó orí tuntun mẹ́rin, tí wọ́n ní yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026. Gẹ́gẹ́ bí òfin náà, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí ó ń wọlé fún ènìyàn lọ́dún kò ní owó orí. Ohun tí ó kan ìwé owó oṣù wa gan-an nìyẹn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú kan láti Sókótó, Abdussamad Dasuki, dìde nínú ilé, ó ní òun fi ohun tí àwọn dìbò fún wé ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú Gásẹ́ẹ̀tì, ìwé tí ìjọba fi ń kéde òfin, ó ní méjèèjì kò bára mu. Ariwo sọ. Àwọn olórí ilé ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n tún Gásẹ́ẹ̀tì náà tẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà tí akọ̀wé àgbà ilé fọwọ́ sí síta. Ẹ kíyè sí i: kí ni ó tú ọ̀rọ̀ yìí síta? Kì í ṣe ìbọn, kì í ṣe owó. Ẹnì kan mú ẹ̀dà méjèèjì lọ́wọ́, ó sì fi wọ́n wé ara wọn. Ohun tí ọmọ ilé ìgbìmọ̀ lè ṣe, akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè ṣe é, bí ìwé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì ni ẹ̀mí. Ògíjo kò jìnnà sí wa, inú ìjọba ìbílẹ̀ Sàgámù ni ó wà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìwé ìròyìn New York Times ti Amẹ́ríkà àti àwọn oníròyìn The Examination gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ń yọ́ bátìrì mọ́tò àtijọ́ láti mú òjé jáde níbẹ̀. Àádọ́rin ènìyàn tí ń gbé nítòsí tàbí tí ń ṣiṣẹ́ nínú wọn yọ̀ǹda kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Méje nínú mẹ́wàá ni òjé ti pọ̀ lára wọn dé ìwọ̀n tí ó léwu. Kò sí òṣìṣẹ́ kan nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò tí májèlé náà kò sí lára rẹ̀. Òjé kì í ta ni bí agbọ́n, jẹ́jẹ́ ni ó ń wọlé. Ọpọlọ ọmọdé ni ó sì máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́.

Ìbéèrè tiwa ni èyí: kí ló dé tí ó fi di ìwé ìròyìn òkè òkun kí a tó mọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ilé wa? Òfin tí ó ní kí wọ́n yẹ ipa ilé iṣẹ́ lórí àyíká wò ti wà láti 1992. Òfin fakitírì ti wà, àwọn tí ìjọba yàn láti máa yẹ ilé iṣẹ́ wò sì wà. Ibi tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ wọn, àbọ̀ iṣẹ́ wọn yóò wà nínú fáìlì. Ibi tí wọn kò bá ti ṣe é, àìsí àbọ̀ náà yóò jẹ́ ìdáhùn fún wa. Ẹ gbọ́ ohun kan tí ó ṣe pàtàkì: òfin 2011 kò fún wa láṣẹ láti wọ ọ́fíìsì aládàáni lásán kí a béèrè fáìlì rẹ̀, àfi bí ilé iṣẹ́ náà bá ń ṣe iṣẹ́ ìlú tàbí tí ó ń ná owó ìlú. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó wà lọ́wọ́ ìjọba nípa ilé iṣẹ́ aládàáni, a lè béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ìjọba. Bí wọ́n bá sì ní àṣírí òwò wà nínú rẹ̀, òfin kan náà ní kí wọ́n fi í síta bí ó bá jẹ́ ti ìlera ará ìlú, ààbò tàbí àyíká, tí àǹfààní rẹ̀ fún ará ìlú sì ju àdánù oníṣòwò lọ.

Ẹ̀kẹta ni owó àti ìtọ́jú. Òfin 2024 fi owó oṣù tí ó kéré jù lọ sí ₦70,000. Ìpínlẹ̀ Ògùn kéde ₦77,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní ọdún kan náà. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá mẹ́wàá kún un. Òfin 2010 lórí ẹni tí ó farapa lẹ́nu iṣẹ́ ní kí òṣìṣẹ́ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14, kí agbanisíṣẹ́ sì fi tó àjọ tí ó wà fún un létí láàárín ọjọ́ méje. Mélòó nínú wa ni ó mọ ọjọ́ 14 yìí? Ẹni tí ẹ̀rọ gé ní ìka, tí ó jókòó sílé tí ó ń dúró de àánú ọ̀gá, ọjọ́ ń kọjá lọ lórí rẹ̀. Bí òfin yìí bá wà lára ògiri ní èdè tí ó gbọ́, kò ní dúró de àánú.

Ẹ̀yin ará wa ní gárèèjì, tiyín náà wà níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń já ní àárọ̀, tí ẹ tún ń já ní ọ̀sán, iye wo ni òfin ìjọba ìbílẹ̀ kọ sílẹ̀? Ta ni wọ́n fún láṣẹ láti gbà á? Mélòó nínú rẹ̀ ni ó dé àpò ìjọba lọ́dún tí ó kọjá? Ìbéèrè mẹ́ta péré ni. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìjọba ìbílẹ̀ kò ní àwáwí mọ́.

ÀTAKÒ TÍ Ó YẸ KÍ A DÁHÙN

Àwọn kan wí pé bí gbogbo ìwé bá di ti gbogbo ayé, ìlú yóò tú. Òfin náà ti ro ìyẹn. Fáìlì ìlera rẹ, ìwé tí ó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, ohun tí ó lè ṣe ààbò ìlú ní ìpalára, a kò lè ṣàdédé gbà wọ́n. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí àwa náà kò fẹ́ kí ọ̀gá gba fáìlì dókítà wa. Àwọn mìíràn wí pé òṣìṣẹ́ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó láti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Òfin ti ro ìyẹn pẹ̀lú. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni sì lè fi ẹnu béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ọba tí wọ́n yàn fún un, òun ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ti èdè yìí dùn wá jù. Ní 1859 ni Henry Townsend ti ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá ní Abẹ́òkúta, nínú ìpínlẹ̀ wa yìí. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 55, gba kí ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ máa lo Hausa, Ìgbò àti Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ètò bá wà fún un. Ètò yẹn ni kò tíì tó. A kò ní jókòó dè é. Nígbà tí kò ti sí kọ́píráìtì lórí òfin, kò sí ẹni tí yóò mú wa bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

OHUN TÍ A Ń DÁBÀÁ

Ìmọ̀ràn wa fún ẹ̀ka yìí kò pọ̀. Kí a ya kọ́bọ́ọ̀dù kan sọ́tọ̀ ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí a kó ẹ̀dà òfin owó oṣù, ti ìfẹ̀yìntì, ti ìfarapa, ti fakitírì àti ti owó orí sínú rẹ̀. Kí aṣojú kọ̀ọ̀kan mú òfin kan, kí ó túmọ̀ èyí tí ó kàn wá nínú rẹ̀, kí a máa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí lóṣooṣù. Kí ẹ̀ka kọ lẹ́tà mẹ́ta kí oṣù tí ń bọ̀ tó parí: ọ̀kan sí ìjọba ìbílẹ̀ lórí owó gárèèjì, ọ̀kan sí ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó àyíká lórí àbọ̀ àyẹ̀wò Ògíjo, ọ̀kan sí àwọn tí ó ń yẹ fakitírì wò lórí àwọn ilé iṣẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa wà.

Lẹ́tà náà kò le. Ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì. Ẹ kọ ọ́ pé, lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011, ẹ ń béèrè ẹ̀dà ìwé báyìí báyìí. Ẹ dárúkọ ìwé náà dáadáa àti ọdún rẹ̀. Ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ ṣe é ní méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ mọ́ ẹ̀dà tiyín, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú owó, nítorí láti ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ méje ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ tàbí tí wọ́n dákẹ́, ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún wa láti lọ sí kóòtù. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan, nítorí ẹnì kan ni wọ́n lè gbé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọn kò lè gbé gbogbo wa.

Àwa ará Rẹ́mọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo ìwé fún ìjà òṣìṣẹ́. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, kí ó tó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ti jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò, ó sì ti jẹ́ olóòtú ìwé òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní The Nigerian Worker. Ó mọ̀ pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó wà nínú ìwé, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ni yóò máa dà á.

Àwọn àgbà ní bí ènìyàn bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òfin ti fún wa ní ẹnu láti béèrè, ẹ jẹ́ kí a lò ó. Ní ti ojú ìwé tí ẹ ń kà yìí, a kò fi ẹ̀tọ́ kankan dè é. Ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri káńtíìnì, ẹ kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé, ẹ fún awakọ̀ tí ń lọ sí Òde-Rẹ́mọ kí ó mú un lọ. Ìpàdé ẹ̀ka tí ń bọ̀ ni a ó ti yan àwọn tí yóò kọ lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a wá ẹnikẹ́ni tì.